Ìbò ààrẹ parí, àríyànjiyàn ò parí: ẹ jẹ́ ká ka fọ́ọ̀mù

Ẹ dúró díẹ̀ níwájú tábìlì oníwèé-ìròyìn ní Ìjìgbò, l'Ádó-Èkìtì, nígbàkigbà tí wọ́n bá mẹ́nu ba ìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Ìjà mẹ́ta lẹ ó gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó ń jà á sì rò pé ìjà kan ṣoṣo ni. Ọ̀kan ń sọ iye ìbò, èkejì ń sọ òfin, ẹ̀kẹta ń sọ ẹni tó wù ú. Bí a ò bá kọ́kọ́ ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá wa níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye ìbò bẹ̀rẹ̀. Èsì tiwa l'Ékìtì ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ l'Ábújá: APC (ẹgbẹ́ Tinubu) 201,494, PDP (ẹgbẹ́ Atiku) 89,554, LP (ẹgbẹ́ Obi) 11,397, NNPP 264. Àwọn ará APC máa ń wí pé gbogbo Èkìtì ló dìbò fún Tinubu. Ẹ ro ìbò ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 302,709 ni, bẹ́ẹ̀ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan. Nínú ẹni mẹ́ta, bí ẹni méjì ni kò kúrò nílé. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù l'Ékìtì lọ́jọ́ náà, ẹgbẹ́ a-ò-lọ ni, kò sì ní àmì lórí ìwé ìbò.

Àwọn kan tún ń pe ẹni tó dìbò fún Atiku tàbí Obi ní ọ̀dàlẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò nídìí. L'Ọ́ṣun, Atiku ní 354,366, Tinubu ní 343,945. L'Ékòó, Obi ní 582,454, Tinubu ní 572,606. L'Ékìtì níbí, PDP kan náà ló gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rìndínlógún nínú ìbò gómìnà ọdún 2014. Ẹni tó wu ni kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìṣirò bá ni jà lé lórí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Òfin ni àwọn àgbà wa mọ̀ jù, nítorí ọdún 1979 ò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Ìpínlẹ̀ 19 ló wà nígbà náà. Òfin ní kí ẹni tó máa wọlé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Pín 19 sí mẹ́ta, kò dọ́gba. Bí méjìlá àti ìdá méjì nínú mẹ́ta ṣe di ẹjọ́ láàárín Awólọ́wọ̀ àti Shagari nìyẹn, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá Shagari láre. Nísinsìnyí ìpínlẹ̀ 36 ló wà, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 24 géérégé. Ìṣòro ìpín ti kúrò ńlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan gbapò rẹ̀: "àti". Abala 134 òfin ìpìlẹ̀ sọ ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ "àti" Abújá. Tinubu kò ní ìdá kan nínú mẹ́rin l'Ábújá: 90,902 ló ní, Obi ní 281,717. Àwọn tó pe Tinubu lẹ́jọ́ ní dandan ni Abújá. Ilé ẹjọ́ ní bí ìpínlẹ̀ kan ni Abújá rí nínú ìṣirò náà, kò ní àǹfààní àrà ọ̀tọ̀. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì fi òǹtẹ̀ lù ú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2023.

Ẹ má sì gbàgbé pé òfin ò ní dandan kí ẹni tó wọlé ní ju ìdajì ìbò lọ. Bí ẹnìkan bá ro ìbò Atiku (6,984,520) pọ̀ mọ́ ti Obi (6,101,533), tó ní ó ju 8,794,726 ti Tinubu lọ, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ń ka ìbò méjì pọ̀ fún ẹni tí kò wọlé.

Níbi tí ẹ̀sùn jìbìtì bá ti dé, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sí ibùdó ìdìbò. Èkìtì ní ibùdó 2,445, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní fọ́ọ̀mù EC8A tirẹ̀, ìwé tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó náà sí. EC8A ló ń di EC8B ní wọ́ọ̀dù, EC8C ní ìjọba ìbílẹ̀, EC8D ní ìpínlẹ̀, kó tó di EC8E l'Ábújá. Bí nọ́ńbà bá yí padà láàárín EC8A àti EC8B, ibẹ̀ ni kí ẹ na ìka sí. "Wọ́n jí ìbò wa" nìkan kì í ṣe ẹ̀sùn.

Ẹ ka fọ́ọ̀mù náà báyìí. Ìbò tó péye pẹ̀lú ìbò tí wọ́n kọ̀ (èyí tó wọ àpótí ṣùgbọ́n tí wọn ò kà fún ẹnikẹ́ni) ni àpapọ̀ ìbò tí wọ́n dì. Kò gbọdọ̀ ju iye ẹni tí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀, yẹ̀ wò lọ. Bó bá jù, òfin ìdìbò ọdún 2022, èyí tí wọ́n lò fún ìbò náà, ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó náà. Ká ní BVAS yẹ ẹni 212 wò, ìbò tó péye jẹ́ 203, èyí tí wọ́n kọ̀ jẹ́ 8: 211 ni, kò sí wàhálà. Ìwé tó bàjẹ́ yàtọ̀ sí ìbò tí wọ́n kọ̀. Èyí tó bàjẹ́ ni olùdìbò dá padà kó tó jù ú sínú àpótí, tí wọ́n fún un ní òmíràn. Àwọn tó ń kà á mọ́ ìbò ló ń rí "ìbò àjùlọ" níbi tí kò sí. Ìwé tó bàjẹ́, ìbò tí wọ́n kọ̀, èyí tó péye àti ìwé tó ṣẹ́kù, ẹ ro wọ́n pọ̀: iye ìwé tí wọ́n kó wá ló yẹ kó jẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ àṣìṣe òṣìṣẹ́ tí kò mọ ìṣirò. Jìbìtì kọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àìsí ìbuwọ́lù ejẹ́ńtì kan, ìyẹn aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó, kò pa fọ́ọ̀mù: ejẹ́ńtì tó bá wà níbẹ̀ ni òfin ní kó fọwọ́ sí i. Pé àwòrán rẹ̀ kò tètè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà burú, ó sì dun ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ní èyí nìkan kò tó láti fagi lé ìbò.

Kí ẹ tó fi àwòrán kankan ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ wo orí fọ́ọ̀mù: 13 ni nọ́ńbà Èkìtì níbẹ̀rẹ̀ kóòdù ibùdó. Ẹ wá wo irú ìbò tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìbò mẹ́ta ni wọ́n dì lọ́jọ́ kan náà, ààrẹ, sẹ́nétọ̀ àti aṣojú-ṣòfin, fọ́ọ̀mù mẹ́ta ló sì jáde láti ibùdó kan. Ti gómìnà ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 2022 tún wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn.