Wọ́n fáìnì mi torí ọtí tó dáa: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti jókòó nídìí ọtí, orúkọ bíà kan náà ló máa ń jáde lẹ́nu yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti ń mutí, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Inú ṣì ń bí mi o, tí ọ̀rọ̀ mi bá le díẹ̀ ẹ fara mọ́ ọn. Èmi kì í ṣe ọ̀mùtí, ìgò méjì ni tèmi, àwọn tó mọ̀ mí ní Tákìé l'Ógbòmọ̀ṣọ́ á jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ìgò méjì téèyàn máa mu yẹn, ṣé kò yẹ kó mọ adùn ẹ̀ ni?

Àbúrò mi tó ń gbé Àbújá ló là mí lójú. Ó mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ọtí Bature Brewery, àwọn yẹn ń pọn bíà tiwọn níwọ̀nba, wọ́n wà ní Àbújá, wọ́n wà l'Ékòó náà, wọn kì í ṣe irú iléeṣẹ́ ńlá tí tírélà wọn kún títì. Wọ́n gbé ọtí dúdú kan tí wọ́n fi kọfí sí fún mi. Mo ní kí ni kọfí ń wá nínú bíà. Mo tọ́ ọ wò, mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Bí mo ṣe délé báyìí ni mo ń bi ara mi pé àwa ńkọ́, ta ló ń pọntí nítòsí wa? Ìyá kan tó wá láti Benue ń ta bùrùkútù lọ́nà Ṣábó. Àwọn àgàtú tó ń bá wa roko ló ń mu ún, àwa ọmọ ìlú máa ń gbàgbé pé ibẹ̀ wà. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi: ọkà bàbà ni, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó kan. Mo ní háà, bí màmá màmá mi ṣe ń fi àgbàdo ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà nìyí! Pitó náà ò jìnnà sí i, wọ́n kàn ń sẹ́ tiẹ̀ kó mọ́ ni.

Ìgbà tó wá kàn mí láti gba ẹgbẹ́ wa lálejò, mo ní mi ò ní ra kúréètì kankan. Àbúrò mi kó ọtí dúdú yẹn fún dẹ́rẹ́bà kan tó ń bọ̀, èmi náà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì bùrùkútù láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo sì tú ìdérí ẹ̀ díẹ̀ torí ó ṣì ń hó nínú, tẹ́ ẹ bá dé e pa ó lè bú. Ẹ má rò pé torí owó ni o. Ìgò kan ọtí dúdú yẹn ju ìgò méjì ohun tẹ́ ẹ̀ ń mu lọ.

Mo gbé e síta. Alága wo ìgò, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fọwọ́ kàn án, ó ní "kí ló dé tí ò tutù?" Mo ní alága, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ nínú fíríìjì ni, ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kò gbọ́. Ó pe ọmọ mi pé kó bá òun bu yìnyín wá, ojú mi báyìí ló da yìnyín sínú ọtí tó ti Àbújá wá! Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó tu ú, ó ní ó ti kan. Ó da ìyókù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n ò tiẹ̀ wo ti bùrùkútù, ẹnì kan kàn ní "èyí tí àwọn lébìrà ń mu lo gbé fún wa?" gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n dìbò, wọ́n fáìnì mi kúréètì méjì.

Ìyẹn gan-an ò dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ń lọ, akápò fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ki 5,000 náírà bọ̀ mí lápò, ó rọra ní "bọ̀dá, tí nǹkan bá ti le báyìí, ẹ sọ fún wa, ẹgbẹ́ kan náà la jọ wà." Ó káàánú mi! Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Mo dá owó ẹ̀ padà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣì rò pé mò ń ṣagídí ni.

Nǹkan tí mo kọ́ ni pé òtútù ló ń bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí ọtí bá ti tutù bíi yìnyín, ahọ́n á kú, ẹ ò ní mọ èyí tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí ò dáa. Bíà tí kì í ṣe dúdú lè tutù dáadáa kò burú, ṣùgbọ́n ọtí dúdú, nǹkan bíi 10 sí 13 digirí ló ti ń dùn. Ẹ yọ ọ́ nínú fíríìjì, ẹ fún un ní bí ogún ìṣẹ́jú. Ogún ìṣẹ́jú péré! Ẹ sì máa wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò tó ń sọ bí ọtí ṣe le tó, Guinness tibí jẹ́ 7.5%, kì í ṣe ẹgbẹ́ bíà tó wà ní bíi 5%.

Èkejì, kíkan kọ́ ni bíbàjẹ́. Bùrùkútù gbọ́dọ̀ kan díẹ̀, èyí tẹ́ ẹ rà lónìí ẹ tètè mu ún torí bó ṣe ń pẹ́ ló ń kan sí i. Ti alága ò sì kan rárá, kọfí àti báálì, ọkà òyìnbó tí wọ́n fi ń pọn bíà, tí wọ́n yan dúdú ló korò lẹ́nu ẹ̀, yìnyín ẹ̀ ló wá ba ìyókù jẹ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pè é ní ọtí lébìrà. Ní 1988 ìjọba fòfin de báálì tí wọ́n ń kó wọlé, àwọn iléeṣẹ́ ńlá yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo, wọ́n sì ṣì ń lo ọkà bàbà náà dòní nígbà tí òfin yẹn ti kúrò tipẹ́. Ọkà bàbà kan náà o! Ìgò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bò yín lójú.

Mo mọ̀ pé ìlú wa ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọtí, láti 1855 tí Bowen, míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi, ti wá ni onítẹ̀bọmi ti ń kọ ẹ̀yìn sí títì kó tó mu tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Méjì nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín yẹn ti wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ọ̀kan ti mu bùrùkútù dé àgékù, ó ní kí n má sọ fún alága. Kúréètì méjì yẹn, mi ò tíì san án, mi ò sì ní san án. Àbúrò mi ṣì ń fi ọtí dúdú yẹn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọ wò kó yà sílé, àmọ́ kó má gbé yìnyín dání.