Kí táǹkì ẹja má baà kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tí iná bá dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja sínú gíláàsì, tí ẹ sì gbé táǹkì mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún pọ́ǹpù àti asẹ́ tó ń yọ ìdọ̀tí inú omi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní Abẹ́òkúta níbí, ìgbà tí iná ọba bá lọ àti ìgbà tí ó bá dé ni omi máa ń rí ọ̀nà bọ́ sílẹ̀. Bí iná bá dúró ṣinṣin, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìṣòro.

Bí iná bá lọ, páìpù tó ń gbé omi lọ sókè ló tún máa ń fà á padà wálẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ yóò fi yọ jáde nínú omi. Táǹkì tèmi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 45, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 5.4. Bí ẹnu páìpù bá rì wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 10, lítà 54 ni yóò ya lu táǹkì ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi lu ihò kékeré sí páìpù náà, sísàlẹ̀ ojú omi díẹ̀ báyìí. Omi bá ti dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọlé, kò sì ní lè fà mọ́. Ẹ máa fọ ihò náà, torí ìgbín omi máa ń dí i. Àwọn kan á ní kí ẹ ra fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà. Èmi ò gbọ́kàn lé e. Ìdọ̀tí díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti tó kó má lè pa dé.

Ìgbà tí iná bá dé ló léwu jù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti há sínú páìpù tó ń da omi sílẹ̀ láti òkè, tàbí tí ewé dí i, pọ́ǹpù kò mọ̀. Gbígbé ni yóò máa gbé omi lọ sókè. Níbẹ̀ ni float switch ti wúlò, ìyẹn suwíìṣì tó ń léfòó, tó ń tan pọ́ǹpù tàbí pa á bí omi bá ṣe ga sí. Mo fi ọ̀kan sí òkè, nítòsí etí gíláàsì: omi bá gbé e sókè, pọ́ǹpù á kú. Èkejì wà nínú yàrá pọ́ǹpù nísàlẹ̀, ìyẹn apá táǹkì ìsàlẹ̀ tí pọ́ǹpù wà, kí pọ́ǹpù má baà ṣiṣẹ́ lórí gbígbẹ kó sì jó. Nígbà ọyẹ́, omi yàrá yẹn ló máa ń kọ́kọ́ fà, ẹ máa bù sí i.

Oníṣẹ́ iná tó bá mi ṣe é ní Kútọ̀ fi relay sí i, ìyẹn suwíìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá tàbí pa á, ó sì jẹ́ kí iná 12V nìkan máa gba ara float kọjá. Ẹ má gbà kí wọ́n so iná ilé mọ́ ohun tó wà nínú omi tí ọwọ́ yín ń wọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Bí pọ́ǹpù bá kú, omi díẹ̀ á padà wálẹ̀, float á sọ̀, pọ́ǹpù á tún jí. Á máa kú, á máa jí, títí yóò fi bàjẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é kó jẹ́ pé, bí float òkè bá ti pa á, ọwọ́ ènìyàn ni yóò tẹ bọ́tìnì kó tó tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí yóò máa béèrè bọ́tìnì ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ o, ẹja yóò kú tí ẹ kò bá sí nílé. Ẹ fi ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi tì í.

Float náà lè há. Nítorí náà, kí omi yàrá pọ́ǹpù kéré débi pé bí gbogbo rẹ̀ bá gòkè, àyè ṣì wà lókè fún un. Ẹ dán an wò nígbà tí ẹ wà nílé: ẹ fi ọwọ́ dí páìpù tó ń da omi sílẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá pọ́ǹpù á kú. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́ nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí omi ìsàlẹ̀ yóò gòkè dé. Kí wáyà gbogbo sì tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀.