Ife Omi Ejìnrìn Kan

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo bá màmá mi lórí àga, òógùn bò wọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò jáde, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti dolóògbé pè mí. Mo gún wọn ní ìka, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì fi 43 hàn. Bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL ni àwọn dókítà ti máa ń sọ pé ó lọ sílẹ̀ jù. Nítorí pé wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, mo po ṣúgà mọ́ omi fún wọn (ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, a kì í da ohunkóhun sí i lẹ́nu), a sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú, nítorí pé glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń lò, máa ń pẹ́ lára, ó sì lè tún fa ṣúgà wálẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá rò pé ewu ti kọjá.

Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀, wọ́n jẹ́wọ́. Wọ́n ti lo oògùn wọn bí ìṣe wọn, wọ́n sì mu ife omi ejìnrìn kan lé e lórí, ejìnrìn tútù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbo ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́yìn náà ni wọ́n sún oúnjẹ àárọ̀ síwájú. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló júwe rẹ̀ fún wọn.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń fi ewé ṣẹ̀sín. Àwọn baba wa mọ àìsàn yìí dáadáa kí wọ́n tó pè é ní àtọ̀gbẹ, nítorí ẹni tó ń ṣe a máa tọ̀ títí tí ara rẹ̀ yóò fi máa gbẹ. Àwọn onímọ̀ ní àwọn yunifásítì wa náà ti yẹ ewúro, ejìnrìn àti kóró abẹ́ẹ̀rẹ̀ wò lára eku tí wọ́n ti fi kẹ́míkà alloxan tàbí streptozotocin ba ibi tí ìnsúlínì, èròjà ara tó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ti ń jáde nínú ara wọn jẹ́, ṣúgà ọ̀pọ̀ nínú àwọn eku náà sì wálẹ̀. Èròjà kan wà nínú ejìnrìn tí wọ́n ń pè ní charantin, òmíràn sì wà níbẹ̀ tó fara jọ ìnsúlínì. Nítorí náà, omi tí màmá mi mu ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, lórí oògùn tí òun náà ń fipá mú ara láti tú ìnsúlínì jáde.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò ni bí omi ewé tí àwọn onímọ̀ ń lò ṣe yàtọ̀ sí àgbo inú ìgò. Wọn a sá ewé náà sí ibòji títí yóò fi gbẹ, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì jẹ́ kí omi rẹ̀ fà títí yóò fi ku ìyẹ̀fun, èyí tí wọn yóò wá gbé lé òṣùwọ̀n. Bí eku bá gba 400 mg fún kílò kan ara rẹ̀, ìṣirò tí wọ́n sábà fi ń yí ti eku sí ti ènìyàn yóò fún wa ní nǹkan bí 65 mg fún kílò kan. Ẹni tó wọn kílò 60 yóò nílò nǹkan bíi gíráàmù 4 ìyẹ̀fun náà lóòjọ́. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ewé gbígbẹ ló ń di ìyẹ̀fun, ogójì gíráàmù ewé gbígbẹ ni yóò tán lójúmọ́ kan, tútù rẹ̀ yóò sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ta ló wọn ti màmá mi? Ewé ìgbà òjò kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀jẹ̀lẹ́ kì í sì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó gbó.

Ìtàn ewéko kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, Galega officinalis, ló là mí lójú. Galegine inú rẹ̀ ń fa ṣúgà wálẹ̀, ó sì ní májèlé tó ń pa àgùntàn. Ní àwọn ọdún 1920 wọ́n dán galegine wò lára àwọn alátọ̀gbẹ, wọ́n sì pa á tì. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó bá a tan, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe ní 1922, ṣùgbọ́n ọdún 1957 ni dókítà ará Faransé kan, Jean Sterne, tó gbé àbọ̀ ìlò rẹ̀ lára ènìyàn jáde. Hóró 500 mg tí màmá mi ń gbé mì lẹ́yìn oúnjẹ, ewé ni baba ńlá rẹ̀, ti òní kò sì yàtọ̀ sí ti àná.

Àwọn kan a ní ohun tó bá korò bí jogbo ló ń pa ṣúgà, bí ẹni pé ahọ́n àti ẹ̀jẹ̀ jọ ń pàdé. (Ewúro tí a fọ̀ dáadáa kí ọbẹ̀ lè dùn, omi rẹ̀ la tún ń gbé mu.) Ìyẹ̀fun inú ike tí wọ́n ń pariwo pé ó ń wo àtọ̀gbẹ sàn ní ọjọ́ méje ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ní Singapore, ní 2008, wọ́n gbé 150 ènìyàn tí kò ní àtọ̀gbẹ dé ilé ìwòsàn nítorí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù. Glibenclamide ló wà nínú oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà ní bòókẹ́lẹ́, mẹ́rin nínú àwọn ènìyàn náà sì kú.

Dókítà kò bá màmá mi jà. Ó ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n ń mu, ó yọ glibenclamide kúrò, ó fi metformin sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa kọ iye ṣúgà wọn sílẹ̀ ní àràárọ̀ kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu. Wọ́n ń jẹ ewúro nínú ọbẹ̀. Ife ejìnrìn ti dópin. Ẹ̀yìn ìwé àjọ wọn ni wọ́n ń kọ iye ṣúgà náà sí. Ní oṣù tó kọjá, mo rí 168 níbẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: «Ẹ̀bà alẹ́ àná.»