Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Mi, Mo Gbé Ìwé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Tí iṣẹ́ bá ti bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ìmọ̀ràn kì í wọ́n. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ tó máa yá ọ á ti kó ìmọ̀ràn dé ẹnu ọ̀nà: lọ máa ta dátà, lọ kọ́ kéèkì ṣíṣe, lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ l'Ékòó. N kò bá wọn jà. Dátà tí wọ́n ní kí n tà, mò ń tà á títí dòní, òun náà ló ń ra gáàsì sílé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ kàwé, áḿbọ̀sìbọ́sí kó ní kí n kọ ìtàn. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́tà lé lọ́wọ́.

Àjọ ni mò ń gbà tẹ́lẹ̀. Báńkì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní maikirofaináńsì, ló gbà wá pé ká máa káàkiri ọjà n'Ìbàdàn. Ọjà Ọba, Òjé, Bódìjà, kò síbi tí bàtà mi kò tẹ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń lọ: oníkálùkù ní káàdì tirẹ̀, àpótí kéékèèké 31 ló wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fún ọ lówó tòní, wàá fọwọ́ sí àpótí kan. Bí oṣù bá parí, owó ọjọ́ kan di ti ẹni tó gba àjọ, ìyókù di ti ẹni tó dá a. Àǹtí Báńkì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n ti ẹ̀ka wa pa, wọ́n kó wa dànù, wọ́n ṣì ń pè mí ní Àǹtí Báńkì tí mo bá ń ra ata. Orúkọ kì í tètè gbọ́ pé iṣẹ́ ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìwé bẹ̀rẹ̀, nítorí n kò kọ nǹkan kan kí n tó kàwé. Àwọn ará ilé kó oríṣiríṣi ìwé bí-o-ṣe-lè-di-olówó wá fún mi. Mo dúpẹ́, mo sì fi wọ́n síbi tí wọ́n wà. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé níbi iṣẹ́ kò nílò ìwé tí yóò tún máa bá a wí. Ìtàn ni kẹ́ ẹ kà, kẹ́ ẹ sì kà á lédè tí ẹ fi ń ná ọjà. Mo rí tèmi lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé àlòkù sẹ́bàá títì ní Mókọ́lá. Owó rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ lọ sí Èkó lọ wáṣẹ́ tí kò sí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kà ni Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ọ̀pọ̀ wa ló kà á nílé ìwé nítorí ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìdánwò parí. Ẹ tún un kà báyìí tí ẹ ti dàgbà. Lápàdé tí ìtàn náà dá lé lórí, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí ni. Kò sí láṣọ ìjọba mọ́, ṣùgbọ́n ojú ọlọ́pàá kò kúrò lójú rẹ̀, òun ló fi ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Mo ka ibẹ̀, mo dẹ́kun ìwé kíkà díẹ̀. Ìmọ̀ tí mo kó bọ̀ láti ọjà, báńkì kò lè gbà á lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe gba káàdì ìdánimọ̀. Ohun kejì tí ìwé náà kọ́ mi ni ọ̀rọ̀ sísọ. Bí Lápàdé àti Tàfá Ìgìrìpá bá ń fọ̀rọ̀ gún ara wọn, òǹkọ̀wé kì í wá ṣàlàyé pé inú ń bí ẹnì kan. Ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìwé kejì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì ṣe mí lóore jù. I. B. Thomas ní ìwé ìròyìn kan l'Ékòó tó ń jẹ́ Akéde Èkó. Láti 1929 wọ 1930, ó ń gbé lẹ́tà jáde nínú rẹ̀, lẹ́tà arúgbó obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀, tó ń ròyìn ayé fàájì tó jẹ nígbà èwe rẹ̀: Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Àwọn òǹkàwé gbà pé obìnrin náà wà láàyè, wọ́n ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn náà nítorí rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Ọkùnrin, oníwèé ìròyìn, ló jókòó tó ń sọ̀rọ̀ bí ìyá arúgbó tí ẹ̀dùn ọkàn kún inú rẹ̀, orin ìjọ lẹ́nu, orúkọ àdúgbò Èkó lẹ́nu. Ní 1930 ni lẹ́tà náà di ìwé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ ronú sí lẹ́tà yẹn dáadáa, mo ṣì ń padà bọ̀ wá síbẹ̀.

Amos Tutuola ńkọ́? Òun ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní òun kò kàwé tó láti kọ̀wé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ilé ìwé tó lọ kò ju bí ọdún mẹ́fà lọ. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ló ṣe fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ogun parí, ó gbìyànjú láti dá àgbẹ̀dẹ tirẹ̀ sílẹ̀, kò rí i ṣe. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló padà rí ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ l'Ékòó, níbi tí ó ti ń jókòó de ẹni tí yóò rán an níṣẹ́. Ìjókòó yẹn ló fi ń kọ̀wé. Ní 1952, Faber and Faber gbé The Palm-Wine Drinkard, ìtàn ọ̀mu-ẹmu tó kọ, jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan nígbà náà ń tijú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, torí bí Yorùbá ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ló ṣe gbé e kalẹ̀. N kò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè máa retí Lọ́ńdọ̀nù o. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé àkókò tí a fi ń dúró de iṣẹ́, àkókò ni.

Ti ọmọdé náà wà. Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni mò ń kà fún àwọn ọmọ mi lálẹ́ bí wọ́n bá ti múná lọ. Ẹ̀rín la máa ń rín. Nínú ilé tí owó ti dínkù, ẹ má fojú kéré ìyẹn.

Bí ẹ bá ti ka ìwé kan lákọ̀ọ́kọ́ fún ìgbádùn, ẹ mú ojú ewé kan tó dùn mọ́ yín jù, kẹ́ ẹ fi bíírò dà á kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe láti jí i. Ọwọ́ máa ń rí ohun tí ojú fò kọjá: ibi tí òǹkọ̀wé ti gé gbólóhùn kúrú, ibi tó ti jẹ́ kí ẹnì kan dákẹ́.

Ó wá kan kíkọ. Wákàtí tó máa ń ro èèyàn jù lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá bọ́ ni wákàtí tó máa ń jáde nílé tẹ́lẹ̀. Tèmi ni aago méje àárọ̀. Àwọn aládùúgbò ń lọ, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń pariwo, èmi jókòó nínú ilé bí ọmọ tí wọ́n lé nílé ìwé. Wákàtí yẹn ni kẹ́ ẹ fún ìwé kíkọ. Ẹ wẹ̀, ẹ múra, ẹ jókòó sídìí tábìlì. Bí wákàtí náà bá ti kọjá, ẹ dìde lọ wá ohun tí ẹnu máa jẹ, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ torí ìwé kíkọ, kò rí ti ilé yín rò.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá olórí ogún. Lẹ́tà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti Thomas. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó mọ̀ bóyá “o” ló máa sọ tàbí “ẹ”, ó mọ ohun tí ẹni náà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdajì wàhálà ti tán nìyẹn. Mo mú ìyá kan tó ń ta tòmátì. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ, nítorí náà gbogbo káàdì rẹ̀ ló ní àbààwọ́n pupa létí. Inú ike kan lábẹ́ àtẹ ló ń fi í sí. Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ sí i, á ní, “Dúró, jẹ́ kí n nuwọ́,” á fi ìdí ìró rẹ̀ nuwọ́, àbààwọ́n á sì tún dé ibòmíràn. Mo mú kí òun kọ̀wé sí ẹni tó ń gba àjọ rẹ̀:

“Àǹtí Báńkì, ọmọ mi, mo kí ọ. Àpótí mẹ́rin ló kù lórí káàdì mi kí o tó di àwátì. Mò ń ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ láràárọ̀. Ta ni kí n kó o fún?”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ní ìtàn. Gbogbo àkókò tí mo fi ń ro ohun tó ṣe mí, n kò ro ohun tí yóò ṣe ìyá náà. (Wọ́n ní alájọ Ṣómólú ta mọ́tò mẹ́ta ó fi ra kẹ̀kẹ́ kan, orí rẹ̀ pé débi pé kì í gbàgbé owó ẹnikẹ́ni. Orí tèmi kò tó yẹn, ṣùgbọ́n ojú àwọn oníbàárà mi, mo rí gbogbo wọn nígbà tí mo gbé bíírò.)

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó pín lẹ́tà fún wa ńkọ́? Ẹ kọ ọ́, ẹ kàn má sọ ọ́ di èṣù. Ìkà tí kò ní ìdí tó fi ń ṣìkà máa ń sú òǹkàwé kíá. Nínú ìtàn tèmi, mo fi lẹ́tà tirẹ̀ náà sínú àpò kóòtù rẹ̀, èyí tí yóò já lẹ́yìn tó bá ti pín tiwa tán. Ẹ yí orúkọ padà, ẹ yí ọjà padà. Iye tí oníbàárà ní nínú báńkì, àṣírí rẹ̀ ni, bí iṣẹ́ tilẹ̀ ti lọ. Ẹ má gbé e sínú ìwé.

Nípa àmì ohùn: bí mo bá ń kọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, n kì í dúró fàmì sí i, ọ̀rọ̀ á ti sá lọ. Ìgbà tí mo bá ń tún un kọ sórí fóònù ni mo ń fi í sí i, Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé orí fóònù, ní bọ́tìnnì Yorùbá. Ìgbà náà ni mo máa ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè, tí mo sì ń gbọ́ gbólóhùn tí kò dùn létí.

Owó? N kò tíì rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Àwọn Àtẹ́lẹwọ́ wà tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ òǹkọ̀wé Yorùbá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ní ẹ̀bùn fún lítíréṣọ̀ Yorùbá, ẹ wá wọn lọ. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó owó wá kí òun tó tẹ̀wé yín, ẹ ka ìwé àdéhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á fún, ẹ má kọ́kọ́ gbé e fún ọ̀mọ̀wé. Ìyá ọkọ mi ta ata rí. Mo ka lẹ́tà ìyá onítòmátì fún un, ó gbọ́ ọ dópin, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, “Ìyàwó, tòmátì ìgbà òjò ni àbí ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn? Owó tí o kọ síbẹ̀, kò sí apẹ̀rẹ̀ kan tí wọ́n ń tà bẹ́ẹ̀ lásìkò òjò.” A jókòó, a tún un ṣírò.