Sányán Màámi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò ti ń rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ìdájí. Iná ò sí, àmọ́ maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí Màámi fi sílẹ̀ kì í bẹ ẹnikẹ́ni fún iná.

Nígbà tá a pín aṣọ rẹ̀, àwọn àbúrò mi kó èyí tó ṣì ń dán. Èmi ni wọ́n ta àwọn yòókù lọ́rẹ: ìró tó ti ṣá, bùbá tó ya lábíyá, aṣọ ẹgbẹ́ Ojúde Ọba bíi mẹ́rin, àti sányán kan tí kòkòrò ti jẹ létí. Mo ní mà á rán wọn pọ̀, mà á fi ṣe kúbùsù alábùlẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n á tọrọ ẹ̀ ní àsìkò ọyẹ́.

Páálí ni mo fi ṣe ìwọ̀n, íǹṣì 9 ní òró àti ní ìbú. Tí ìdajì íǹṣì bá wọ inú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 8 ló máa kù lójú. Méje ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró, abala 63 nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ àdìrẹ lọ́tọ̀ kí omi ẹ̀ tó mọ́, torí aró ò mọ aṣọ funfun lọ́rẹ̀ẹ́.

Ìró àǹkárá aláwọ̀ ewé kan ní àbàwọ́n epo. Mo mọ epo yẹn. Epo ìkọ́kọrẹ́ ni, láti ọdún Iléyá tí àbúrò mi ọkùnrin sáré gba ẹ̀yìn Màámi tó sì kọlu abọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó bú u títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì tún bu òmíràn fún un. Mo gé abala náà kí àbàwọ́n lè bọ́ sí àárín gan-an.

Orí sányán ni ọwọ́ mi ti dúró. Mo gbé àlùmọ́gàjí, mo tún gbé e kalẹ̀. Àfi bí Mọ́mì Ṣàgámù, àbúrò Màámi, ṣe wọlé pẹ̀lú agbòòjò tó ń kán tótó.

"Àdùkẹ́! Aṣọ ẹ̀gbọ́n mi lò ń gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń gé ilá?"

Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọn ò dáhùn. Wọ́n gba sányán lọ́wọ́ mi, wọ́n na án síta lójú fèrèsé.

"Wò ó. Ṣé odindi ni wọ́n hun ún ni? Tóóró tóóró ni wọ́n ń hun aṣọ òkè, kí wọ́n tó rán an pọ̀. Tú ìrán rẹ̀."

Mo wò ó lóòótọ́. Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, mi ò rò ó rí! A jókòó, àwa méjèèjì, a ń fi abẹ́rẹ́ tú òwú. Wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó àwọn ni Màámi kọ́kọ́ ró o. Wọ́n ní ó jó títí gèlè fi tú, kò sì dá a dúró láti wé e. Àwọn fọ́nrán yẹn ló máa yí kúbùsù ká.

Ìró kan ló kù nídìí àpótí, etí ẹ̀ ṣì dì ní kókó. Mo tẹ̀ ẹ́. Owó bébà ló ń dún nínú ẹ̀. Bóyá owó ọkọ̀, bóyá owó gàrí tó fẹ́ san ní Òkè-Ajé. Mo fi han Mọ́mì.

Wọ́n fọwọ́ bà á, wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Má tú u o," wọ́n ní. "Ó jẹ mí lówó kó tó lọ. Tó o bá tú u, mà á gbà á."

Igun ọ̀tún lókè ni mo rán an mọ́, pẹ̀lú kókó rẹ̀.