Etí Fúláà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé fúláà Hermès, ìborùn ilé aṣọ olówó gọbọi ti Faransé, wọlé lánàá l'Àjàṣẹ́ níbí, ó ń yan bí ìyàwó tuntun. 50,000 sẹ́fà ló rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ní Paris lòun ti ń bọ̀.

Màmá wa, tí wọ́n ti ń ránṣọ kí wọ́n tó bí mi, ò tiẹ̀ wo àwòrán ẹṣin ara rẹ̀. Etí rẹ̀ ni wọ́n yí wò. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣẹ́ ẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti ojúlówó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a wá sójú aṣọ, á ki pọ́pọ́ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: 86 sẹ̀ǹtímítà. 90 ló yẹ kó jẹ́.

Màmá fa òwú kan yọ, wọ́n ṣáná sí i. Ṣẹ́dà ni ojúlówó, a máa rùn bí irun tó jóná, eérú rẹ̀ a sì rún. Èyí yọ́, ó di kókó bí ike.

Ẹ̀gbọ́n mi ké: "Màmá, ẹ má jó o tán o!"

Wọ́n ní ó kúkú lè fọṣẹ fọ̀ ọ́ nínú báàfù, ojúlówó ò gba irú ìyà yẹn.

Ó wé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Ó yẹ ẹ́, mi ò ní purọ́.