Bí ọpọlọ bá wú lẹ́yìn ìtànṣán, kì í ṣe jẹjẹrẹ nìkan ló ń fà á

MRI (àwòrán inú ọpọlọ) oṣù kẹta lẹ́yìn ìtọ́jú dára, ti oṣù kẹsàn-án wá fi hàn pé ojú ibi tí wọ́n fi Gamma Knife tàbí CyberKnife, ẹ̀rọ tó ń ta ìtànṣán sójú kan pàtó, tọ́jú nínú ọpọlọ tún ti fẹ̀ sí i. Ẹ má tíì sọkún. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ ló padà lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ẹran ọpọlọ tí ìtànṣán pa, èyí tí wọ́n ń kọ sínú èsì pé radiation necrosis. Lójú MRI lásán, wọ́n jọra bí ìbejì.

Ìtànṣán máa ń ba àwọn òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Omi á máa jò jáde láti inú wọn, ibẹ̀ á wú. Láàárín oṣù mẹ́ta sí ọdún méjì ló sábà máa ń yọjú. Bí kókó bá ṣe tóbi tó ni ewu rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín ìtànṣán kù: kókó tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ lè gba Gray 24 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó ju 2 lọ dé 3 á gba 18, èyí tó ju 3 lọ dé 4 á gba 15. Ẹ bi dókítà léèrè pé mílílítà mélòó nínú ọpọlọ ló gba Gray 12 sókè. Bó bá ti ń lọ sí mílílítà 10, ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ aláìsàn náà gidigidi.

MRI tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn máa ń ranni lọ́wọ́, torí jẹjẹrẹ tó ń dàgbà ń fa ẹ̀jẹ̀ sọ́dọ̀, ẹ̀jẹ̀ ibi tó ti kú sì kéré. Àmọ́ méjèèjì lè wà pọ̀ lójú kan náà.

Dexamethasone, oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, oògùn kan náà tí àwọn kan ń rà ní kẹ́mísì láti fi sanra. Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí ẹ lò ó, ní òwúrọ̀ àti ọ̀sán. Tí alẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó sì lè dá egbò sí inú. Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù ni pé ara tu aláìsàn, ó bá dá oògùn náà dúró lójijì: ara tí kò ṣe èròjà tirẹ̀ tó jọ oògùn yìí mọ́ lè mú kó dákú. Dókítà ni kó máa dín in kù.

Bí wíwú náà kò bá gbọ́ èyí, oògùn mìíràn tó ń jẹ́ bevacizumab wà, mílígíráàmù 7.5 fún kílò ara kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya, kì í sì í jẹ́ kí ojú iṣẹ́ abẹ tètè jinná.

Bí gìrì bá mú aláìsàn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn. Bákan náà ni bí ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ, tàbí tí orí fífọ́ àti èébì bá jọ dé.